Bùkárì Pe Ọmọ Rẹ̀ Lẹ́jọ́ Nítorí "Wí"

Ẹjọ́ tó wọ ààfin wa lánàá, ẹni tó bá gbọ́ ọ tí kò rẹ́rìn-ín, kí wọ́n yáa gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bùkárì, olóko iṣu tí gbogbo ọ̀nà Ṣàrẹ́ mọ̀, ló pe Hidayah ọmọ rẹ̀ lẹ́jọ́. Èdè Faransé ni ọmọ náà ń kọ́ ní yunifásítì, wọ́n sì fẹ́ rán an lọ sí Kútọnu fún ọdún kan kó lè gbọ́ ọ dáadáa. Bùkárì ní kò ní lọ. Ó ní kí Kábíyèsí bá òun fòfin dè é.

"Kí ló fi ṣe ọ́?" Kábíyèsí béèrè.

"Ó pàṣẹ fún mi, Kábíyèsí. Níwájú àlejò! Èmi tí mo bí i! Ó ní, 'Wí!'"

Ìjòyè Ọlánípẹ̀kun, tó ti ń tòògbé láti àárọ̀, lajú.

"Kò tiẹ̀ ní 'ẹ wí'?"

"Wàláhì, kò sí 'ẹ' níbẹ̀. 'Wí' lásán!"

Hidayah ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Kábíyèsí, kì í ṣe Bàbá ni mo bá wí. Ará Pàràkú kan ló wá ra iṣu, kò gbọ́ Yorùbá, Bàbá sì ní kí n ṣe ògbufọ̀. Ọkùnrin náà bi mí bóyá iṣu gidi ni gbogbo òkìtì náà. Mo ní 'wí'. 'Bẹ́ẹ̀ ni' ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lédè Faransé."

"Èwo wá lẹjọ́ níbẹ̀, Bùkárì?"

Bùkárì họ orí. "Kábíyèsí, nígbà tó ní kí n wí… mo wí."

"O wí kí ni?"

"Mo wí pé ewùrà ló wà nísàlẹ̀."

Ẹ̀rín sọ. Ẹni tó ń bu omi mu tu ú sórí aṣọ ẹlòmíì.

"Mo rò pé ó ti rí i ni! Ó tún ní 'wí', mo tún jẹ́wọ́ pé kòkòrò ti bẹ àwọn tẹ̀yìn wò. Ọmọ yìí bá yíjú sí oníbàárà, ó túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún un!"

"Hidayah, ó ṣe jẹ́?"

"Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn, Kábíyèsí. Ògbufọ̀ kì í bù kún ọ̀rọ̀, kì í sì í bù ú kù."

"Èmi baba rẹ̀ ló wá bù kù!" Bùkárì pariwo.

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Ndagi, awakọ̀ ọmọ Núpé tó gbé oníbàárà wá, jáde.

"Ojú mi ló ṣe. Bàbá kò sọ nǹkan kan. Ìyàwó wọn ló sọ̀rọ̀ ewùrà."

"Irọ́!" Àyìsátù, ìyá Hidayah, fò dìde. "Inú ọkọ̀ ló ti ń sùn. Èmi ò tiẹ̀ sí nílé, Òwu-Ìsin ni mo wà."

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé ó ń sùn?"

"Híhanrun rẹ̀ dé Òwu-Ìsin, Kábíyèsí."

Ndagi ní lóòótọ́ lòun sùn, ṣùgbọ́n etí òun kò sùn. Ó ní ará Pàràkú náà ra iṣu tó dára, ó sì ní òun á padà wá, torí òun kò tíì rí àgbẹ̀ tí kò lè purọ́ báyìí.

Bùkárì kò gbà. "Nọ́ọ̀sì ni mo ní kó kọ́. Nọ́ọ̀sì á fún èèyàn lábẹ́rẹ́. Faransé á fún èèyàn ní kí ni?"

"Iṣẹ́ wà, Bàbá," Hidayah dáhùn. "Mo lè máa túmọ̀ níbi táwọn ìjọba bá ti ń ṣèpàdé. Mo lè kọ́ni. Mo lè wà ní ẹ́ḿbásì, ní báńkì tó lẹ́ka ní Lómé, ní kọ́sítọ́ọ̀mù…"

"Kọ́sítọ́ọ̀mù?" Ìjòyè Ọlánípẹ̀kun ń ta ìrẹsì tí kì í sọ ibi tó ti ń wá. "Ọmọ mi, dìde nílẹ̀, orúnkún á dùn ọ́."

Ìgbà náà ni ohùn Bùkárì yí padà. "Kábíyèsí, òun nìkan ni mo bí. Tó bá débi tí wọ́n ti ń sọ èdè tí n kò gbọ́, báwo ni n ó ṣe mọ̀ tó bá ń sunkún?"

Kò sẹ́ni tó tún rẹ́rìn-ín. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Kábíyèsí wúkọ́. "Bùkárì, o jẹ̀bi ewùrà, o sì jẹ̀bi àìgbédè. Láti òní, Hidayah á máa kọ́ ọ ní Faransé. Ọ̀rọ̀ tó o bá gbàgbé, ewùrà kan lo máa jẹ fún un."

"Sísè, Kábíyèsí?"

"Tútù. Ó máa yún ọ lọ́fun, ohùn rẹ á sì bọ́ sí imú bíi tiwọn. Ó ku Kútọnu. Ìwọ baba rẹ̀ ni kó sọ ọ́. Ṣé ó lè lọ?"

Bùkárì wo ilẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀.

Kábíyèsí fi ọ̀pá lu ilẹ̀. "Bùkárì, wí!"

"Wí," ni Bùkárì wí.

Ìjòyè Ọlánípẹ̀kun béèrè pé èdè wo nìyẹn. Hidayah kò dúró gbọ́ èsì, ó ti sáré lọ di ẹrù.