Ẹja Tí Mò Ń Lọ Rà ní Ẹ̀pẹ́

Sátidé kan wà tí mi ò lè gbàgbé, bó ti wù kí n gbìyànjú tó. Nígbà yẹn, ọtí ti fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo gbọ́ pé àwọn kan ń pàdé ní Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú ọtí àti oògùn. Òfin wọn kò ju ẹyọ kan lọ: ohun tí a bá gbọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ là ń fi í sí. Ta ni yóò mọ èmi ará Ìkòròdú ní Ẹ̀pẹ́? Síbẹ̀, mo fi ìbòmú bo ẹnu, mo fi awò dúdú bojú, mo ní Káyọ̀dé ni mí, pé símẹ́ńtì ni mò ń tà. Irọ́ ni méjèèjì.

Bí àwọn yòókù ṣe ń sọ tinú wọn, bẹ́ẹ̀ ni mò ń yínmú sí wọn lábẹ́ ìbòmú. Ìyá kan tó ń yan ẹja ní Ọjà Olúwo dìde, ó ní, "Rísì lorúkọ mi. Gbogbo ọjà ló mọ̀ pé ọ̀mùtí ni mí tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo sọ fún wọn." Mo ní lọ́kàn mi pé ojú ò ti obìnrin yìí. Ẹ wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ìtìjú: èmi tí wọ́n ti fà yọ nínú gọ́tà lẹ́ẹ̀mejì!

Ohun tí mo sọ fún ìyàwó mi ni pé ẹja ni mò ń lọ rà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹja mẹ́rin. Nígbà tó di Sátidé karùn-ún, ó ṣàkíyèsí pé mò ń fá irùngbọ̀n, mo sì ń lọ aṣọ, kí n tó lọ ra ẹja. Ó wọ ọkọ̀ tó tẹ̀lé tèmi, ó gba Agbowa wá.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni ilẹ̀kùn ṣí gbà.

"Bàbá Tóbi! Èwo nínú wọn ni?"

Ó pe orúkọ mi, ó pe ti bàbá mi, ó tún fi àdúgbò wa kún un. Mo yọ ìbòmú.

"Ìyá Tóbi, kì í ṣe obìnrin. Ọtí ni. Mo fẹ́ fi í sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé mò ń mu ún."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ta ni ò mọ̀? Lẹ́mọ́mù àti pásítọ̀ àdúgbò tí kì í bára wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ti jọ gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ yín!"

Ìyá ẹlẹ́ja ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ilé sì gbà á. Ibẹ̀ ni ìbá parí sí, àmọ́ ìyàwó mi wo igun yàrá.

"Háà! Tíṣà Tóbi! Ẹ̀yin náà?"

Ẹ̀rín tán. Ọkùnrin náà, olùkọ́ ọmọ wa, mú fìlà rẹ̀, ó jáde. Èmi bàbá ọmọ ò mọ̀ ọ́n. Ilé ọtí kì í jẹ́ kí n dé ìpàdé àwọn òbí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi wá. Èmi àtìyàwó mi lọ bẹ̀ ẹ́ nílé rẹ̀ ní Ìmọta. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ̀yin, ẹ ò ní nǹkan tí ẹ̀ ń fi pamọ́. Èmi, wọ́n á gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi." Ìyàwó mi sunkún. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣèlérí pé ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu wa.

Ìgbéraga lásán ni mo pè ní àṣírí. Oúnjẹ ọmọ ni tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tú àṣírí, kó tú tara rẹ̀.

Ó ti padà sáàárín wa. Mo ti ń lọ ìpàdé àwọn òbí báyìí, a sì máa ń kíra níbẹ̀ bí ẹni tí kò ríra rí: "Ẹ káàbọ̀, sà." "Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà." Lẹ́yìn náà ni n ó wá ibi tí ẹnikẹ́ni ò sí, n ó sì fi ara mi rẹ́rìn-ín.