Ìgbìmọ̀ Ọkọ̀ Délé Ìyá Aránṣọ

Ohùn Akọ̀wé há. Ìpàdé ẹgbẹ́ àdúgbò ló há a. Òpó iná kan ló wó sínú gọ́tà: ìgbìmọ̀ iná ní ti ìgbìmọ̀ gọ́tà ni, ìgbìmọ̀ gọ́tà ní ti ìgbìmọ̀ iná ni, Akọ̀wé sì dúró láàárín wọn tó ń ké "Ẹ jókòó! Ẹ jókòó!" títí ó fi ku atẹ́gùn lásán lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń sinmi ìjà yẹn ni wọ́n tún ti dá ìgbìmọ̀ ọkọ̀ sílẹ̀, pé kí wọ́n kó gbogbo ọkọ̀ tó dí ojú títì kúrò. Èyí tó sì dí i jù lọ ni ọkọ̀ àtijọ́ tí olóògbé ọkọ Ìyá Aránṣọ fi sílẹ̀ níwájú ilé. Tánkà omi kò lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá mọ́. Tọmọdé tàgbà ló ń ru garawa.

Ta ni yóò wá lọ sọ fún opó pé kó gbé e? Gbogbo ilé ń wo ilẹ̀. Akọ̀wé nawọ́ sókè kó fi họ irun, ni wọ́n bá pàtẹ́wọ́ fún un. Bó ṣe di olùfarajìn nìyẹn. Wọ́n sì fi orúkọ obìnrin náà sínú ìgbìmọ̀, kí ọ̀rọ̀ lè dùn ún gbé mì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó fẹ̀gbẹ́ rìn láàárín ọkọ̀ náà àti ògiri, ó kanlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Òdìkejì títì ni òun náà ń gbé, òun nìkan, láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó ti pẹ́ tí òun àti Ìyá Aránṣọ ti ń juwọ́ síra wọn láti ojú fèrèsé, ṣùgbọ́n kò wọ ibẹ̀ rí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ẹ̀rọ ìránṣọ ń sáré lọ gẹrẹrẹ. Ìyá Aránṣọ gbójú sókè.

"Áà, Akọ̀wé! Ẹ wọlé. Ẹ rọra jókòó, abẹ́rẹ́ wà lórí àga yẹn. Kí ló dé tí ẹ ń sọ̀rọ̀ bí olè?"

"Ohùn mi há."

"Kí ló há? Ilẹ̀kùn?"

Akọ̀wé fọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀.

"Oò, ohùn! Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ máa sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, etí mi ń bẹ lọ́dọ̀ yín."

Etí wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Yorùbá tí kò lóhùn dà bí ẹṣin tí kò ní ìjánu: ibi tó bá wù ú ló ń gbéni lọ.

"Ẹgbẹ́ àdúgbò ló rán mi sí yín. A ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀."

"Òmíràn? Èyí tó wà nílẹ̀ ńkọ́? Ẹ ní ti gọ́tà, ẹ ní ti iná, ẹ ní ti ààbò."

"Ti ààbò ti pín sí méjì."

"Ó ti di ìgbìmọ̀ àbọ̀ nìyẹn."

Akọ̀wé fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ ló jáde. "Èyí tuntun yìí, ìgbìmọ̀ ọkọ̀ ni. A sì ti fi yín síbẹ̀."

Ẹsẹ̀ Ìyá Aránṣọ dúró lórí ẹ̀rọ. Ó wo ojú ọ̀nà, ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn tirẹ̀ náà sílẹ̀.

"Gbogbo ẹgbẹ́ ló jókòó sọ ọ̀rọ̀ èmi yìí?"

"Ọ̀rọ̀ gbogbo àdúgbò ni. Àwọn kan ní méjì, àwọn kan ní mẹ́ta, wọn kò sì rí ibi kó wọn sí."

"Ẹ ò rí i! Èmi ò ní ẹyọ kan, ẹlòmíràn ní mẹ́ta."

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe Akọ̀wé ní kàyéfì, nítorí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ obìnrin náà ló gbà wọlé. Ó rò pé ìtìjú ló mú un sẹ́. Ó ń bá tirẹ̀ lọ.

"Ẹlòmíràn á gbé tirẹ̀ síwájú ilé aládùúgbò, á sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀ mọ́jú."

"Mo mọ èyí! Oníbúrẹ́dì àdúgbò yìí ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn mí. Ṣùgbọ́n ṣé ẹnìkan ló ń gbé e lọ ni, àbí òun ló ń dá lọ?"

"Dá lọ ṣe ń jẹ́? Ẹnìkan ló ń gbé e."

"Ọtí ni! Mo ti sọ fún un pé ọtí ni!"

Akọ̀wé ronú díẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn kan ń mutí kí wọ́n tó gbé ọkọ̀. "Ti ọtí náà wà níbẹ̀," ló wí.

"Kí wá niṣẹ́ tèmi nínú ìgbìmọ̀?"

"Ẹ ó máa yẹ̀ wọ́n wò. Èyí tó bá ṣì dáa, ẹ ó ní kí olówó rẹ̀ tọ́jú ẹ̀ síbi tó yẹ. Èyí tó bá ti gbó, a ó wọ́ ọ dànù."

"Ẹ ó wọ́ ọ kí ni?"

"Dànù."

"Bàbá ọlọ́mọ!"

"Tó bá ti gbó ni o."

Ìyá Aránṣọ wo Akọ̀wé láti orí dé bàtà, ó wo irun funfun etí rẹ̀. "Akọ̀wé, ẹ̀yin náà kì í ṣe ọmọdé mọ́ o."

Akọ̀wé kò mọ ohun tí ọjọ́ orí òun wá ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí, síbẹ̀ ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fa ikùn wọlé.

"Ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun kan," ni obìnrin náà wí, ojú sì ń tì í díẹ̀. "Èyí tí ẹ̀ ń wí yìí, ṣé nǹkan wà lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Kò sówó níbẹ̀ rárá. Iṣẹ́ ni."

"Ìṣẹ́ ni?"

"Kì í ṣe ìyẹn. Iṣẹ́!"

"Mo gbọ́: ìṣẹ́."

"Iṣẹ́! Iṣẹ́ tí à ń fara jìn fún!"

"Ẹ ṣeun gan-an. Ẹgbẹ́ pé, ẹgbẹ́ jókòó, ẹgbẹ́ gbìmọ̀ pọ̀, ìṣẹ́ ni wọ́n rí mú wá fún mi. Kí n sì tún fara jìn fún un!" Ó ti ẹsẹ̀ bọ ẹ̀rọ, ó sì rán ìlà kan tó wọ́ láti etí aṣọ dé etí kejì.

Akọ̀wé dúró dè é títí òwú fi já. Òógùn ti yọ níwájú orí rẹ̀. Ó rí i pé bí òun bá ń yí ọ̀rọ̀ po báyìí, ilẹ̀ á ṣú bá àwọn.

"Ìyá Aránṣọ, kí n má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Tiyín ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ gbé."

"Tèmi wo?"

"Ọkọ̀ yín."

Àlùmọ́gàjí bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú.

"Ó ti kú, Akọ̀wé."

"A mọ̀ pé ó ti kú. Ó ti kú tipẹ́. Ìdí tí a fi fẹ́ gbé e gan-an nìyẹn."

"Kí ló ṣe ibi tó wà?"

"Ó dí ọ̀nà. Ó ti ń dípẹtà. Adìẹ ti ń yé ẹyin sínú rẹ̀, àwọn ọmọdé sì ń fò lókè rẹ̀."

Ìyá Aránṣọ fò dìde. Aṣọ tó ń rán dìde pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀rọ fẹ́ bá a dìde. "Lórí sàréè ọkọ mi?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu ẹni tó lóhùn. Ó dún ketekete, kò sí iyè méjì níbẹ̀. Ẹnu Akọ̀wé là sílẹ̀.

"Ọkọ wo?"

"Ọkọ mi! Ọ̀rọ̀ ta la ti ń sọ bọ̀?"

Gbogbo ohun tí Akọ̀wé ti sọ láti ìgbà tó ti wọlé tò wá síwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. *Wọ́ ọ dànù* ló ṣáájú.

"Ọkọ̀!" ló wí.

"Mo ní mo ti gbọ́."

"Ọkọ̀ ni! Ọkọ̀!"

"Ẹ má kọ ọ́ lórin fún mi!"

Akọ̀wé rí ṣọ́ọ̀kì tí obìnrin náà fi ń sàmì sára aṣọ. Ó gbá a mú, ó sì fi kọ ọ́ gàdàgbà sórí aṣọ dúdú kan lórí tábìlì: OKO.

Ìyá Aránṣọ gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó kà á. "Oko? Èmi tí n kò gbin ewúro rí?" Ó tún un kà. Ojú rẹ̀ yí padà. "Ó tún lè jẹ́ òmíràn, ṣùgbọ́n ẹnu opó kò gbọdọ̀ pe ìyẹn lọ́sàn-án gangan. Akọ̀wé, àṣé ẹ̀yin náà kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀?"

Bí ọ̀ràn bá ti dójú ẹ̀, àgbà a máa jó. Akọ̀wé fa àga síwájú, ó jókòó, ó di atẹ́gùn mú ní ọwọ́ méjèèjì bí awakọ̀, ó yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì, ó fọn fèrè. Fèrè kò dún, "fíì" lásán ló ṣe. Ó wá na ìka sí ojú fèrèsé.

Ìyá Aránṣọ tẹ̀lé ìka náà. Ó rí ọkọ̀ náà níta, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti dípẹtà, àgbébọ̀ kan jókòó sórí àga awakọ̀ bí ẹni ń retí èrò.

"Ọkọ̀," ló wí.

Akọ̀wé mi orí títí ọrùn fi fẹ́ yẹ̀.

"Ọkọ̀ ọkọ mi!" Ẹ̀rín mú un, ó di tábìlì mú. "Ẹni tí kò lè dá lọ! Yéè! Mo ti fẹ́ lọ sọ fún oníbúrẹ́dì kó gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ ọkọ ẹ̀! Akọ̀wé, ẹ ò sì lè pè é ní mọ́tò?"

Akọ̀wé fọwọ́ gbá iwájú orí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò wá sí i lọ́kàn rárá.

Nígbà tí ẹ̀rín lọ sílẹ̀, Ìyá Aránṣọ nu ojú, ó sì jókòó. Kò fẹsẹ̀ kan ẹ̀rọ.

"Mo mọ̀ pé ó dí ọ̀nà. Mo ń rí àwọn tó ń ru omi kọjá, wọ́n á kí mi, wọ́n á wo mọ́tò, wọ́n á dákẹ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹni tó bá fẹ́ jalè, tó bá rí i níwájú ilé, á rò pé ọkùnrin wà nínú ilé. Ọkọ̀ ni mo fi ṣe ọkọ láti ọjọ́ yìí."

Gbólóhùn dáadáa tí Akọ̀wé ti há sórí láti ilé, kò sí èyí tó bá ibi yìí mu.

"Ọgbà mi fẹ̀," ló wí nígbà tó yá. "Ẹ jẹ́ ká tì í síbẹ̀. Ẹ ó ṣì máa rí i láti ojú fèrèsé yìí."

"Èmi á rí i. Olè ńkọ́?"

"Èmi náà á máa wo ọ̀dọ̀ yín." Ó gbé ojú kúrò lára obìnrin náà, ó ń wo abẹ́rẹ́ tó wà lórí àga. "Kì í ṣe òní ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó."

Ìyá Aránṣọ fi ọwọ́ nu OKO tó wà lórí aṣọ, kò sì nu ún tán.

"Ṣé ìgbìmọ̀ ló ní kẹ́ ẹ sọ èyí?"

"Rárá. Èyí, èmi ni mo fara jìn."

"Ọwọ́ yín lẹ na sókè?"

"Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe láti họ irun."

Obìnrin náà ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ jáde, ó sì fi lé e lọ́wọ́. "Ẹ kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin wá kí wọ́n tì í. Ẹ kọ́kọ́ bẹ àgbébọ̀ yẹn kó sọ̀ kalẹ̀."

Akọ̀wé dìde, inú rẹ̀ dùn dé ibi tí ohùn kò lè sọ. Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó rántí iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ó yọ bírò àti ìwé. "Kí ni kí n kọ fún ẹgbẹ́?"

"Ẹ kọ ọ́ pé Ìyá Aránṣọ gbà wọ ìgbìmọ̀, àti pé ọkọ rẹ̀ ti wà lódìkejì títì, nílé Akọ̀wé."

Akọ̀wé kọ ọ́, ó sì gbé bírò lé orí ọ̀rọ̀ náà kó fàmì sí i.

"Ẹ mú un rọra," ni Ìyá Aránṣọ wí, ó sì tẹ ẹ̀rọ rẹ̀. "Àmì ìyẹn, ẹ fi sílẹ̀ ná títí ohùn yín á fi là."