Kazeem àti Àwo Mẹ́ta Tí Ẹnikẹ́ni Ò Gbọ́ Rí

Àléébù kan ṣoṣo ni Kazeem ní, ṣùgbọ́n ó tóbi débi pé kò sí àyè fún òmíràn lára rẹ̀. Kì í mutí, kì í ta tẹ́tẹ́, kì í sì í báni jà. Àmọ́ bí èèyàn méjì bá ti lè mọ ohun kan, ohun náà ti dọ̀tí lójú Kazeem nìyẹn. Tí ẹ bá ní ẹ mọ ọ̀nà Kírikírì, òun mọ èyí tó gba ẹ̀yìn rẹ̀. Tí ẹ bá ní ẹ fẹ́ràn olórin kan, á wò yín tàánútàánú, á ní, "Àwọn orin tó gbajúmọ̀ yẹn lẹ mọ̀. Ṣé ẹ gbọ́ àwọn tí kò gbajúmọ̀?"

Akọ̀wé tó ń ka ẹrù ọkọ̀ ojú omi ni ní wáàfù Àpápá. Boundary ní Ajégúnlẹ̀ ló ń gbé pẹ̀lú Tinú ìyàwó rẹ̀ àti Yasir ọmọ wọn. Ní ọdún 1983, atukọ̀ Amẹ́ríkà kan tó fẹ́ kí ẹrù òun fúyẹ́ ta ẹ̀rọ àwo kan fún un, ó sì fi àwo orin mẹ́ta ṣe ènì.

Obìnrin Amẹ́ríkà kan tó ń kọ orin jáàsì, Verna Hopson, ló kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn tó ń gbọ́ rédíò nígbà náà mọ Verna dáadáa. Ó ní orin bíi méjì tó lókìkí, wọ́n sì máa ń lù wọ́n lórí afẹ́fẹ́. Ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó yá, ó sì ń ṣeré. Ṣùgbọ́n àwo mẹ́ta ti Kazeem yìí, aláwọ̀ ewé, alákẹtẹ̀ pupa àti èyí tí wọ́n ya agbòjò sí lẹ́yìn, kò sí wọn lórí rédíò, kò sí wọn lọ́jà. Wọn ò tà nígbà tí wọ́n jáde, ayé sì gbàgbé wọn.

Kazeem gbé ẹ̀rọ délé, ó so ó mọ́ tíráńsífọ́mà tó ń dín agbára iná wa kù fún ẹ̀rọ Amẹ́ríkà, ó gbé àwo aláwọ̀ ewé lé e. Ohùn tó jáde wúwo, ó ń wọ́lẹ̀, ó jìn bíi kànga. Kò jọ ti orí rédíò rárá! Kazeem fò sókè.

"Tinú! Mo ti rí i! Ohùn méjì ni obìnrin yìí ní! Ó ní èyí tó fi ń tajà, ó ní èyí tó fi ń sunkún!"

"Bàbá Yasir," ni Tinú wí, "ṣé kì í ṣe pé ara ẹ̀rọ yẹn ò yá?"

"Ẹ̀rọ Amẹ́ríkà? Ẹ̀rọ Amẹ́ríkà kì í ṣàìsàn!"

Láti ọjọ́ náà, àwo mẹ́ta yẹn nìkan ló gbọ́dọ̀ fara kan ẹ̀rọ náà. Tinú bẹ̀ ẹ́ títí kó bá òun lu àwo jùjú tí wọ́n jó sí lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn. Ó ní jùjú á ba abẹ́rẹ́ òun jẹ́. Bẹ́ẹ̀, ká ní ó lu àwo jùjú yẹn lẹ́ẹ̀kan péré ni, mi ò ní rí ìtàn sọ fún yín.

Odidi ọdún mẹ́jọ ni Kazeem fi ń gbé sípíkà sójú fèrèsé ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, tó ń kọjú rẹ̀ sí àdúgbò, tó sì ń wàásù fún ẹni tó bá ṣèèṣì dúró.

"Ẹ gbọ́ ibẹ̀ yẹn! Ìgbà tí ìyá rẹ̀ kú ló kọ èyí. Ẹ ò rí i bó ṣe ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni ń fa omi?"

Ta ló sọ fún un pé ìyá Verna kú? Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ohùn náà wúwo, wọ́n sì gbọ́dọ̀ rí ìdí tó fi wúwo. Nígbà tó fi máa di ọdún 1988, Kazeem ti pa ìyá obìnrin yẹn, ó ti pa ọkọ rẹ̀, ó sì ti jó ilé rẹ̀ kanlẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní orin orí rédíò dùn ju èyí lọ, á mí kanlẹ̀, á ní, "Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àwo tó Kazeem."

Ní ọdún 1991, wọ́n tún àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà. Bright, ọ̀dọ́kùnrin tí òun àti Kazeem jọ ń ṣiṣẹ́ ní wáàfù, rí kásẹ́ẹ̀tì àtúntẹ̀ náà gbà lọ́wọ́ atukọ̀ kan. Ó sáré gbé e wá síbi iṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, Verna yín rèé! Wọ́n ti tún un tẹ̀! Ẹ wá gbọ́, ó dùn gan-an."

Inú Kazeem bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ rò ó wò ná: ohun tí òun nìkan ní láti ọdún mẹ́jọ, òun ni Bright kì bọ àpò ṣòkòtò yìí!

Wọ́n tì í bọ rédíò. Ohùn obìnrin jáde, fẹ́lẹ́, ó yá, ó ń ṣeré. Kazeem bú sẹ́rìn-ín.

"Ayédèrú!"

"Ayédèrú báwo? Orúkọ rẹ̀ ló wà lára rẹ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n."

"Wọ́n gbé ọmọdébìnrin kan wá pé kó sín in jẹ ni. Èyí tó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, Verna nìyẹn? Bright, etí ni wọ́n fi ń gbọ́ orin o, wọn kì í fojú kà á."

"Àmọ́ ó dùn..."

"Ó dùn, ó dùn! Ṣúgà náà dùn."

Kò tán síbẹ̀. Ilé iṣẹ́ rédíò kan nílùú Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í lu àtúntẹ̀ náà, Kazeem sì kọ lẹ́tà olójú-ewé mẹ́sàn-án sí wọn pé wọ́n ń tan aráàlú jẹ, pé ọwọ́ òun ni ojúlówó wà. Olóòtú ètò tó ka lẹ́tà náà, Ìyáàfin Philomena, ń wá ẹni tí yóò máa ṣe ètò tuntun, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lórí àwọn àwo jáàsì àtijọ́ tí wọ́n ń tún tẹ̀. Ó ránṣẹ́ pè é.

"Ẹ gbé àwo yín wá ní Sọ́ńdè. A ó lu tiyín, a ó lu àtúntẹ̀, kí àwọn olùgbọ́ dájọ́. Bó bá rí bí ẹ ṣe sọ ọ́, ẹ̀yin ni màá gbé ètò náà fún."

Yéè! Kazeem lórí rédíò! Kó tó di ọjọ́ Àìkú, kò sẹ́ni tí kò gbọ́ láti Olódì dé Kírikírì. Ó dá kóòtù tuntun. Ó tẹ káàdì tí wọ́n kọ "Kazeem, Ọ̀jọ̀gbọ́n Jáàsì" sí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dágbére fún àwọn ọ̀gá níbi iṣẹ́. Ó wí fún Bright pé, "Tí o bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn Sọ́ńdè, kọ lẹ́tà sí rédíò."

Tinú ní, "Bàbá Yasir, ẹ rọra ṣe. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ yín ná."

"Wọ́n á gbọ́ mi dé Kútọnu!"

Ọjọ́ pé. Ní gbogbo Boundary, ẹni tó ní rédíò gbé e síta, ẹni tí kò ní lọ jókòó ti ẹni tó ní. Kazeem sún mọ́ máìkì.

"Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ di ìjókòó yín mú. Abẹ́ ilẹ̀ ni ohùn tó ń bọ̀ yìí ti ń bọ̀. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá ń já, kó tètè pa rédíò rẹ̀!"

Wọ́n gbé àwo aláwọ̀ ewé sórí ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ sì balẹ̀. Ohùn kan jáde, fẹ́lẹ́, ó yá, ó ń ṣeré. Ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì Bright gan-an ni!

Adìyẹ bà lé máìkì: ara ò rọ máìkì, ara ò rọ Kazeem.

"Ẹ dá a dúró! Ẹ̀rọ yín ń sáré!"

"Ẹ̀rọ tá a ti ń lò láti àárọ̀ nìyẹn, Ọ̀gbẹ́ni Kazeem," ni Philomena dáhùn.

"Ẹ ti pààrọ̀ àwo mi nìyẹn! Olè wà níbí o!"

"Ohun tí ẹ fi bírò kọ sí àárín àwo náà rèé. Ṣé kí n kà á?"

"Rárá!"

"'Kazeem ló ni èyí. Má fọwọ́ kàn án, ọwọ́ rẹ dọ̀tí.'"

Òógùn bo Kazeem nínú kóòtù tuntun. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ojú rẹ̀ bọ́ sára ẹ̀rọ amúlétutù tó wà lára ògiri.

"Òun nìyẹn! Òtútù yín ló mú àwo mi! Ẹ ò mọ̀ pé òtútù máa ń fún èèyàn lọ́fun?"

Philomena ní kí wọ́n lu àtúntẹ̀ tẹ̀ lé e. Bí Táíwò ṣe rí ni Kẹ́hìndé rí. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Èyí téèyàn bá sọ lórí rédíò kì í tilẹ̀ balẹ̀, ilé onílé ló ń wọ̀.

Nígbà tí Kazeem fi máa délé, Ebimobowei, ọmọ Ìjọ̀ tó ń tún rédíò ṣe ní Boundary, ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú irin tí wọ́n fi ń tú ẹ̀rọ lọ́wọ́.

"Ọ̀gá, nó fẹ́ẹ̀sì, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n wo inú ẹ̀rọ yìí."

Ó dà á dojú bolẹ̀, ó ka ohun tó wà nídìí rẹ̀, ó sì súfèé.

"Ọ̀gá, ẹ gbọ́. Iná Amẹ́ríkà máa ń mì ní ọgọ́ta ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tiwa, àádọ́ta ni. Tíráńsífọ́mà yín ò lè tún ìyẹn ṣe. Mọ́tò tó wà nínú ẹ̀rọ yìí, bí iná bá ṣe ń mì ló ṣe ń yí. Ní ọ̀hún, ó ń sáré. Níbí, ó ń rìn."

"Kí lò ń sọ gan-an?"

"Mò ń sọ pé láti ọdún mẹ́jọ, obìnrin yẹn ń kọrin, ẹ̀rọ yín ń fà á lẹ́sẹ̀ sẹ́yìn."

Tinú kàn wọlé lọ, ó yọ àwo jùjú rẹ̀ jáde, ó sì ń nù ún.

Ebimobowei gbé ẹ̀rọ lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gé irin ní Olódì, wọ́n pààrọ̀ irin róbótó tó ń yí àwo, wọ́n fi èyí tó sanra díẹ̀ sí i. Nígbà tó fi máa di ọjọ́rú, ẹ̀rọ ti dé. Ọjọ́ náà ni Philomena ránṣẹ́: àwọn olùgbọ́ ti rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n sì ń béèrè Kazeem. Kó wá ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kó sọ pé ẹ̀rọ òun ló ń lọ́ra, kó bá wọn rẹ́rìn-ín sí i, kó wá sọ ohun tó fẹ́ràn nínú orin Verna. Ètò náà ṣì jẹ́ tirẹ̀.

Gbólóhùn kan péré! Ebimobowei bẹ̀ ẹ́, Tinú bẹ̀ ẹ́, Bright wá láti ibi iṣẹ́ wá bẹ̀ ẹ́.

Kazeem ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ gbọ́ ọ ná. Ó jókòó, ó gbọ́ aláwọ̀ ewé, ó gbọ́ alákẹtẹ̀ pupa, ó gbọ́ alágbòjò. Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́ Verna Hopson.

"Ó mà dùn o, Bàbá Yasir!" ni Tinú wí.

"Ó swíìtì, ọ̀gá!" ni Ebimobowei wí.

Kazeem mi orí. "Ó ń kánjú jù. Ká ní ó mọ orin kọ ni, bí ẹ̀rọ mi ṣe ń kọ ọ́ ni ì bá ṣe kọ ọ́."

Ó mú bírò, ó kọ lẹ́tà olójú-ewé méjìlá sí Philomena. Ó ní lóòótọ́ ni ẹ̀rọ òun lọ́ra, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ òun ló jàre. Ó ní kí wọ́n bá òun sọ fún àwọn ará Amẹ́ríkà kí wọ́n tún àwo náà tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí wọ́n rọra tẹ̀ ẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, òun yóò sì máa gbà wọ́n nímọ̀ràn.

Philomena gbé ètò náà fún Bright. Lọ́jọ́ Àìkú, Bright kí àwọn olùgbọ́, ó ní, "Orin yìí dùn mọ́ mi," ó sì dákẹ́ kí àwọn èèyàn lè gbọ́ ọ. Ó ti tó fún wọn.

Kazeem gbé sípíkà kúrò lójú fèrèsé, ó fi aṣọ bo ẹ̀rọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kẹrin, Màmá Ejiro, ìyá arúgbó tó ń gbé ní ìdojúkọ wọn, tí orúnkún dídùn kì í jẹ́ kó jáde, fi ọ̀pá rìn wọlé tọ̀ wọ́n wá. Ó jókòó, ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọ̀fọ̀ o."

Kazeem dìde. "Ọ̀fọ̀ kẹ̀? Màmá, ta ló kú?"

"Má fi pa mọ́ fún mi. Ṣé bàbá àgbàlagbà tó wà lẹ́bàá fèrèsé yín yìí ni mi ò ní mọ̀? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mi ò gbọ́ ohùn wọn. Mo ti mọ̀ pé wọ́n ti lọ."

Tinú ki gèlè bọ ẹnu, ó sá wọ yàrá. Kazeem la ẹnu sílẹ̀. Màmá Ejiro rò pé ẹkún ló fẹ́ sun, ó na ọwọ́, ó di tirẹ̀ mú.

"Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, ẹ ò ṣe dáadáa. Gbogbo Sọ́ńdè ni bàbá yẹn ń kérora lójú fèrèsé, tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́, kí ló dé tí ẹ ò gbé wọn lọ sí ọsibítù?"