Odó Tó Tú Gìrìpá Fó

Ẹ dúró ná, ẹ̀yin ará. Ẹni tó ń tẹ fóònù, kó gbé e sílẹ̀. Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé a kì í fi orúkọ gbé odó?

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Oyèkànmí, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ bí igi ìdáná. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Nígbà tí Mọ́rẹ́nikẹ́, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọlé dé, ó wò ó títí, ó sọ ọ́ ní Gìrìpá. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó wà nínú Gìrìpá: ọkùnrin tí oòrùn ń yà fún, tí ẹran tirẹ̀ máa ń tóbi jù nínú ìkòkò. Orúkọ náà dùn mọ́ Oyèkànmí nínú, pàápàá apá ibi ẹran. Igi wúwo, "Gìrìpá dà?" Odò jìn, "Gìrìpá á pọn omi wá." Ẹ̀yìn ń dùn ún, kò lè wí.

Ọmọ Bàbá Ìjọ ló fẹ́ fẹ́, Bàbá sì ti ní ọjọ́ ìkórè lòun máa fèsì. Ọjọ́ náà gan-an làwọn obìnrin fẹ́ gbé odó ńlá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nísàlẹ̀ òkè. Ọkùnrin mẹ́rin ló máa ń gbé e.

"Ẹ má wulẹ̀ pe ẹnikẹ́ni," ni Mọ́rẹ́nikẹ́ wí. "Ọkọ mi Gìrìpá wà nílé."

"Ìyàwó, ṣé èmi nìkan?"

"Àbí ẹran àná ò tó ni?"

Oyèkànmí ké pe Ọlọ́run Sámúsónì nínú ọkàn, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa odó. Odó yí. Ó já ọgbà Ìyá Àgbà, ó tú àwọn adìẹ ká, ó forí lé ilé ìwẹ̀ Bàbá Ìjọ.

"Gìrìpá, dá a dúró o," ni àwọn obìnrin ń ké.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ mí lórúkọ, ẹ wá dá a dúró."

Páànù ilé ìwẹ̀ wó lulẹ̀. Bàbá Ìjọ rèé tòun ti ọṣẹ lórí, kànrìnkàn ló fi bo ara.

"Ta nìyẹn? Gìrìpá?"

"Rárá, Bàbá. Oyèkànmí ni. Gìrìpá kan ò sí nínú mi. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ẹ̀yìn ti ń dùn mí."

Bàbá nu ọṣẹ lójú. "Gìrìpá ni mi ò ní fún lọ́mọ. Ẹni tí kò lè sọ pé ó rẹ òun, báwo ni ìyàwó ṣe fẹ́ ràn án lọ́wọ́? Oyèkànmí, mo fún ọ. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wá aṣọ ná."

Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ní a kì í fi orúkọ gbé odó. Ìwọ arákùnrin tí wọ́n ń kì, tí ọrùn rẹ ń rọ lábẹ́ ẹrù, Olúwa tó dá ọ mọ ibi tí agbára rẹ mọ. Sọ ẹrù yẹn kalẹ̀ lónìí, kó o ké sí ẹnìkejì rẹ.