Ìwé Tó Já Kàlẹ́ńdà Ọ̀gá

Ọ́fíìsì tóóró kan ni, tábìlì méjì kọjú síra wọn, fáànù òkè ń yí bí ẹni tí wọ́n fipá jí lójú oorun. Àǹtí Akọ̀wé, tó ń kọ ìwé ìlò fún àwọn ohun tí ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe, ṣì wà lẹ́nu ìdánwò. Ọ̀sán òní gan-an ni Ọ̀gá fẹ́ bá a ṣèpàdé, kó fọwọ́ síwèé pé ó ti di òṣìṣẹ́ gidi, bó bá ti parí ìwé tó wà níwájú ẹ̀. Ẹnjiníà tó ṣe irinṣẹ́ tí ìwé náà dá lé lórí jókòó sódìkejì, ó ń jẹ gúgúrú.

"Ẹnjiníà, àlàyé tó o ní o máa fi ránṣẹ́ sí mi dà?"

"Òun lẹ̀ ń wò yẹn, Àǹtí."

"'Ó ń já kàlẹ́ńdà.' Gbogbo ẹ̀ nìyẹn?"

"Gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ náà nìyẹn."

"Ọmọ yìí, ọ̀rọ̀ ara páálí ọṣẹ gùn jù báyìí lọ!" Akọ̀wé tún awò ojú ẹ̀ ṣe. "Tó bá ti já kàlẹ́ńdà ẹnì kan kúrò lára ẹ̀rọ wa, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí àwọn ìpàdé tó wà nínú ẹ̀?"

"Wọ́n á pòórá lọ́dọ̀ tiwa. Lọ́dọ̀ ẹni tó ni wọ́n, wọ́n ṣì wà."

"Tí onítọ̀hún bá ní ìgbéyàwó ní Sátidé ńkọ́?"

"Ìgbéyàwó ṣì wà. Àwa la ò ní mọ̀ nípa ẹ̀."

"Ìyẹn ni pé a ò ní lè lọ."

"Wọn ò tiẹ̀ pè wá, Àǹtí."

Akọ̀wé mí kanlẹ̀. "Ta ló máa ka ìwé yìí gan-an?"

"Ìránṣẹ́ ni."

Ìránṣẹ́ ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ onílàákàyè tó ń bá wọn bójú tó ọ́fíìsì. Òun ló ń ka kàlẹ́ńdà Ọ̀gá, tó ń sọ ibi tó yẹ kó wà fún un, ibi tó bá sì ní kó lọ náà ni Ọ̀gá máa ń lọ.

"Ṣé kí n máa pè é ní 'ẹ' àbí 'o'?"

"Ẹ̀rọ ni, Àǹtí! Wọn ò tíì ṣe é pẹ́."

"Àmọ́ ó kàwé jù mí lọ."

"Ó kàwé ju gbogbo wa lọ."

"'Ẹ' la máa lò nígbà yẹn. 'Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá...'"

"Àǹtí, ẹ lọ tààrà. Ohun tẹ́ ẹ bá kọ ló máa ṣe. Kò mọ àwàdà, kò mọ àsọdùn."

"Ká ní ọkọ mi rí bẹ́ẹ̀ ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń pa èèrà. Inú ẹ̀ ń dùn. Kò sí ìwé tó dùn ún kọ tó èyí rí.

"Àpẹẹrẹ ni mo fi parí ẹ̀," ló wí.

"Ó dáa. Orúkọ ẹni tí ò sí láyé lẹ fi síbẹ̀, àbí?"

"Ẹni tí ò sí láyé? Nínú ìwé tí Ọ̀gá máa fojú ara ẹ̀ rí lónìí? Ṣé kí n wá fi lágbájá ṣáájú Ọ̀gá ni?"

"Àǹtí, kí lẹ kọ?"

"'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa já kàlẹ́ńdà Ọ̀gá.' Mo tiẹ̀ fi nọ́ńbà kàlẹ́ńdà ẹ̀ gan-an sí i, kó má bàa dà bí irọ́."

Gúgúrú bọ́ lẹ́nu Ẹnjiníà. "Ẹ má tẹ bọ́tìnnì o! Tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ojú ẹsẹ̀ ni Ìránṣẹ́ máa kà á!"

"Bọ́tìnnì wo? Èyí tó ní àwọ̀ ewé yẹn?"

"Òun ni!"

"Mo ti tẹ ìyẹn tipẹ́."

Kọ̀ǹpútà dún. Ẹnjiníà sáré wá kà á: "'Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kí mi. Mo ti já kàlẹ́ńdà Ọ̀gá.'"

"Ìwọ náà rí i? Ó lẹ́kọ̀ọ́!"

"Àǹtí, ìpàdé yín dà?"

"Ìpàdé mi wà nínú kàlẹ́ńdà Ọ̀..." Akọ̀wé fò dìde. Ẹ̀rù bà á débi pé ó gbàgbé láti bínú. "So ó padà!"

"Mi ò lè so ó. Àfi kí Ọ̀gá fúnra ẹ̀ tẹ páásíwọ́ọ̀dù ẹ̀."

"O wá ṣe irinṣẹ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń já nǹkan, tí ò mọ bí wọ́n ṣe ń so ó?"

"Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé jíjá ló ń já a, Àǹtí, ẹ ní ó ti kúrú jù."

Lẹ́yìn fèrèsé, mọ́tò Ọ̀gá ń jáde ní géètì. Akọ̀wé gbá gíláàsì gbà-gbà-gbà. "Ọ̀gá! Ẹ dúró! Ẹ ní ìpàdé!" Mọ́tò ò dúró.

"Ibo ló ń lọ?"

"Ilé ni. Ìránṣẹ́ ti sọ fún un pé kò ní nǹkan kan láti ṣe lónìí."

"Mo gbé! Ìyá mi ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé wọ́n ti gbà mí!"

Kò pẹ́, fóònù Ẹnjiníà dún. "Ọ̀gá ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ó ní ta ló já kàlẹ́ńdà òun?"

"Sọ pé èkúté ló gé wáyà!"

"Ó ní látìgbà tóun ti di ọ̀gá, òun ò tíì ní ọ̀sán kan tí wọn ò pe òun síbì kankan. Ó ní Ọlọ́run á bá òun san oore fún ẹni tó ṣe é."

"Èmi ni! Kọ ọ́ sí i pé èmi ni!"

Ẹnjiníà kọ ọ́. Àwọn méjèèjì tẹjú mọ́ fóònù.

"Ó ní òun máa fọwọ́ síwèé yín, Àǹtí. Ẹ ti di òṣìṣẹ́ gidi."

Akọ̀wé gbé àga jó yíká tábìlì. "Ìgbà wo ló máa fọwọ́ sí i?"

Ẹnjiníà kà á, ó tún un kà. "Ó ní kẹ́nikẹ́ni má so kàlẹ́ńdà òun padà láéláé."

"Ìgbà wo ni mo bi ọ́!"

"Ó ní ìgbà tó bá wù yín, kẹ́ ẹ ṣáà ti fi sínú kàlẹ́ńdà òun."