Ayàwòrán Ọba Tí Kò Rí Ojú Ọba

Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé Ọlọ́run ló bá òun sọ̀rọ̀, pé kì í ṣe ìkánjú ara òun? Adékọ́lá ò tíì rí ìdáhùn rẹ̀ títí di bí a ti ń wí yìí. Òun ni akọ̀wé ìjọ Áńgílíkà kan ní Glenn Dale, lókè òkun. Òun náà ló sọ fún kọmití pé inú àdúrà ni Ọlọ́run ti fi Màmá Anna han òun, pé ìyá náà ni kó ya àwòrán Fíkà tó ń fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ Sunday ni wọ́n máa ṣí aṣọ lójú àwòrán náà. Ní Friday, ó wakọ̀ lọ sí Greenbelt, sílé ìyá arúgbó ọmọ ilẹ̀ Netherlands yìí, tó fi ogún ọdún ya àwòrán láàfin ọba Ìdòfé nílẹ̀ Yorùbá, tó sì gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ Adékọ́lá lọ. Ìtàn ìyá náà ló fẹ́ kọ sínú ìwé ètò ìsìn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. For the program, àwòrán Kábíyèsí mélòó lẹ yà, total?"

"Sọ Yorùbá, Adékọ́lá. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ tayọ̀tayọ̀. "Irú ojú wo ni wọ́n ní?"

"Ojú ta ni?"

"Ojú Kábíyèsí kẹ̀!"

"Mi ò rí i rí."

Bíírò Adékọ́lá dúró. "Ẹ̀yin tí ẹ yà wọ́n nígbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n?"

"Wọ́n á dé adé, ìlẹ̀kẹ̀ á sì bo ojú wọn débi àgbọ̀n. Ta ló máa ní kí ọba ṣíjú? Ìlẹ̀kẹ̀ ni mo yà fún ogún ọdún. Lọ́dún kẹrìnlá, ara Kábíyèsí ò yá, ìrọ̀rí ni wọ́n gbé adé lé fún mi. Àwọn ìjòyè ní èyí ló jọ wọ́n jù."

"Jésù!"

"Ìyẹn ni wọ́n torí ẹ̀ fi mí joyè."

"Mà, mo sọ fún kọmití pé ẹ mọ ojú yà!"

"Ṣé o bi mí?"

"Ọlọ́run ni mo bi."

"Kí Ló sọ?"

Adékọ́lá wo bàtà ara rẹ̀. "Ó dákẹ́. Mo wá gbà á sí bẹ́ẹ̀ ni."

Màmá Anna rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. "Ọdún mélòó lo ti ń sìn Ín?"

"Ọgbọ̀n ọdún, Mà."

"Ojú Rẹ̀ ńkọ́?"

"Mà, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ Fíkà."

Ìyá náà ká aṣọ kúrò lórí àwòrán. Aṣọ ìsìn funfun rèé, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ ọ́. Gíláàsì ojú rèé, ó ń kọ mànà. Níbi tó yẹ kí ẹnu wà, máìkì ni: ńlá, dúdú, tó ń dán.

"Ẹnu Fíkà dà?"

"Fọ́tò méjìlá lo fi ránṣẹ́. Nínú méjèèjìlá, máìkì ló wà lẹ́nu wọn. Mo rò pé adé tiyín nìyẹn."

Adékọ́lá gbá orí mú. "Wọ́n á yọ mí nípò. Wọ́n á ní Ọlọ́run wo ló bá mi sọ̀rọ̀. Kódà, èmi gan-an…"

Màmá Anna wọ́ àga kan síwájú fèrèsé, ó mú búrọ́ọ̀ṣì.

"Ìwọ àti Fíkà, ọmọ Ìbàdàn lẹ jọ jẹ́, ẹnu yín ò lè jìnnà síra. Jókòó síbí. Jọ̀ọ́, yá mi lẹ́nu rẹ. Ṣùgbọ́n pa á dé o, ọmọ mi: èyí tó bá ń mira, mi ò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń yà á."