Ọmọbìnrin Tó Sá Kúrò ní North

Sátidé kan wà tí kò jẹ́ kúrò lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo ti shift dé láti Sydenham ní London, níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Mi ò tíì bọ́ bàtà tán tí mo ti tan tẹlifíṣọ̀n. Fíìmù àwọn ará Korea kan ló ń lé mi bọ̀ wálé. Wọ́n kó àwọn èèyàn lọ sí erékùṣù kan, wọ́n ní kí wọ́n máa figagbága, ẹni tó bá sì kẹ́yìn, ó dágbére fáyé nìyẹn.

Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ni mo gbé sọ́kàn bí ọmọ tí mo bí. Ó sá kúrò ní Korea ti North, ó gba orí odò tó ti di yìnyín kọjá, ó sì dé ti South láìmọ ẹnì kankan. Bó bá ti lanu báyìí, ohùn ẹnu rẹ̀ á tú àṣírí rẹ̀, wọ́n á sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi tí wọ́n ti bi léèrè lórí bọ́ọ̀sì láìmọye ìgbà pé ibo gan-an ni mo ti wá, ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà kàn mí.

Lọ́jọ́ yẹn, ọmọ náà já sínú kòtò, àwọn tí wọ́n jọ ń rìn sì fi í sílẹ̀ lọ. Ẹkún gbọ̀n mí. Mo gbé fóònù, mo fẹ́ sọ fún Sherifa, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Forest Hill, torí òun náà ń wo fíìmù yẹn. Mo gba ohùn mi sílẹ̀, mo ń ṣọ̀fọ̀ bí ẹni tí òkú kú fún: "Jọ̀ọ́, ọmọ yìí ń kú lọ. Ó sá kúrò ní North wá sí South, kò lẹ́nì kankan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́, òtútù ń pa á, kò jẹun látàná. Mi ò mọ ohun tí mo máa ṣe." Mo fi ránṣẹ́, mo dá fíìmù dúró, mo sì sùn lọ lórí àga.

Fóònù ló jí mi. Alhaja Mulikat ni, olórí àwa obìnrin ní mọ́sáláṣí wa ní Peckham.

"Ọmọ yẹn ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà láyé?"

Oorun dá lójú mi. Inú mi dùn débi pé mo fò dìde. "Ẹ̀yin náà ń wò ó, Mà?"

"A máa wò ó dáadáa, lágbára Ọlọ́run. Sister Kudi ti gbé báńdéèjì."

Mi ò gbọ́ ti báńdéèjì. "Ibo lẹ wá dé, Mà?"

"A ti dé Rye Lane."

Mo ronú. Mi ò rántí Rye Lane kankan ní Korea, ti Peckham nìkan ni mo mọ̀. Kí n tó dáhùn, ó ti gé fóònù, ìpè Sherifa sì wọlé.

"Aunty, ẹ check group. Group mọ́sáláṣí lẹ fi voice note yẹn ránṣẹ́ sí. Everyone's crying, you know."

Mo ṣí i. Ẹnì kan sọ pé Kàdúná ni North tí mo wí, pé ọwọ́ àwọn ajínigbé lọmọ náà ti sá. Ẹlòmíì ní rárá, North London ni, ọkọ rẹ̀ ní Tottenham ló lé e jáde. Wọ́n ti ń bá ara wọn jà lórí ẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ tẹ̀ ẹ́ pé fíìmù ni, agogo ilẹ̀kùn dún.

Alhaja ló ṣíwájú, ó gbá kúbùsù mọ́ra. Sister Kudi, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní East Dulwich, wà lẹ́yìn rẹ̀ tòun ti báàgì, àwọn obìnrin yòókù gbé kúlà ìrẹsì àti ata ẹran dání. Ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn láti sọ pé ọmọ náà ti jáde. Tòun ti ẹsẹ̀ tó ṣẹ́?

Alhaja gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó lọ kan ilẹ̀kùn yàrá mi jẹ́jẹ́. "Ọmọ mi, má bẹ̀rù. Àwa ni." Ó yíjú sí mi. "Mo ti kó ẹrù yàrá Taofeek ọmọ mi jáde fún un. Àbúrò, nígbà tí mo dé London, orí kápẹ́ẹ̀tì ẹni tí n kò mọ̀ rí ni mo sùn sí. Mo ti ṣèlérí fún Ọlọ́run pé tí mo bá rí ẹni tó wà nírú ipò yẹn, mi ò ní gbójú kúrò lára rẹ̀."

Mo na ọwọ́ sí tẹlifíṣọ̀n, níbi tí ojú ọmọ náà ti dúró gbagidi, tó kún fún ẹrẹ̀. "Mà, òun nìyẹn."

Alhaja jókòó. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀, ó sì tẹjú mọ́ ọmọ náà.

"Ẹsẹ̀ wo ló ṣẹ́?" Sister Kudi ló bèèrè.

"Tòsì," ni mo wí, kí n tó mọ̀ pé mo ti dáhùn.

Ẹ̀rín bú yọ lẹ́nu ẹnì kan nídìí kúlà, ó ran gbogbo wọn. Alhaja nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Tẹ̀ ẹ́ kó máa lọ," ló wí. "Ká mọ̀ bóyá wọ́n yọ ọ́."

A bọ́ bàtà, a bu oúnjẹ, a jókòó sílẹ̀. Ọmọ náà fi èékánná gun ògiri kòtò yẹn, ó ń yọ̀, ó ń padà gùn, kò sì sẹ́ni tó mí nínú wa. Nígbà tó gbọ́wọ́ lé etí kòtò, Alhaja gan-an ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Omijé kún ojú rẹ̀.

Bó ṣe ń lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé kúbùsù lé mi lọ́wọ́. "Mú kúbùsù yẹn bọ̀ ní Jímọ̀. Àwọn tó nílò ẹ̀ pọ̀ níta, wọn ò sì sí nínú fíìmù."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kéèyàn wo orúkọ tó wà lókè fóònù dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó pẹ́ kí n tó kọ́ ọ, ẹ̀pa ò sì bóró mọ́. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, mo sì bẹ group pé kí wọ́n fi àdúà rántí mi. Èsì tó kọ́kọ́ wọlé ni ti Alhaja: "Àbúrò, ṣé ìwọ fúnra rẹ ni, àbí ti Korea ni?" Mo rẹ́rìn-ín títí ojú abẹ fi ń ro mí.